Ẹnu Mi Ló Ń Kọ̀wé, Ojú Mi Ló Ń Jìyà

Gbogbo àṣìṣe tí ènìyàn lè fi gbohùngbohùn aláìlókùn ṣe ní ọ́fíìsì, mo ti ṣe é, mo sì ti ṣe àwọn kan léraléra débi pé wọ́n ti di ìwà. Mo máa ń gbàgbé pé ó wà lọ́rùn aṣọ mi. Mo máa ń gbé e dé ibi tí kò yẹ kí gbohùngbohùn bá ọmọlúàbí dé. Mo máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láìkà á. Nínú ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí, èmi ni mo jẹ̀bi, n kò ní di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Àmọ́ ẹlẹ́bi náà ní àǹfààní kan: ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ohun tí mo sì rí ni pé ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ohùn di ìwé kò dín iṣẹ́ kù. Ó kàn gbé e kúrò lọ́wọ́ ìka ni, ó wá dì í ru ojú. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí ẹnu dákẹ́, irú mi ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀gá ṣe ń sọ lẹ́tà fún akọ̀wé láyé tapurítà. Ọ̀gá á máa rìn káàkiri yàrá, á húkọ́, á tún gbólóhùn kan náà bẹ̀rẹ̀, á bínú sí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé á máa kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀tìhándì, ṣùgbọ́n kí lẹ́tà tó dé orí tábìlì ọ̀gá, ó ti yọ ikọ́ kúrò, ó ti yọ ìbínú kúrò, ó sì ti tún gírámà ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ló ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ nílùú náà, ta ni yóò máa sípẹ́lì orúkọ ìlú fún un? Ẹ wá pe Ìlá-Ọ̀ràngún sétí ẹ̀rọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí ẹnu má sì yà yín bí ọsàn (“orange”) àti ìbọn (“gun”) bá jáde nínú lẹ́tà tí ẹ ń kọ sí ààfin. Kì í ṣe pé etí ẹ̀rọ kò là. Ní 1952, Audrey tí Bell Labs ṣe ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́sàn-án nìkan ló gbọ́. Ní 1962, Shoebox ti IBM gbọ́ ọ̀rọ̀ 16. Kó tó di 1997 tí Dragon NaturallySpeaking jáde, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní láti máa dánu dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lónìí a lè sọ ọ́ bí omi. Etí ti là. Làákàyè akọ̀wé ni kò bá a dé. Ẹ̀rọ sì ti wá tú àṣírí àwa tí à ń pè é ní “lẹ́tà mi” nígbà tí ìlàjì rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Lójú tèmi, ẹni tó dá wà nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí fún. Ọ́fíìsì wo ló rí bẹ́ẹ̀ ní Ìlá, ní Ọ̀rà tàbí ní Òkè-Ìlá? Ẹni tó wọlé tí kò kí ni, ìjà ni. Ẹni tí wọ́n kí tí kò dáhùn, wọ́n á ní ipò ti ń gùn ún. Bí àgbàlagbà bá wọlé nígbà tí mò ń sọ ìnáwó oṣù mẹ́ta fún ẹ̀rọ, n kò jẹ́ na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Màá dìde, màá tẹríba, màá bèèrè ara ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ètò tí mo ti tò sí Gẹ̀ẹ́sì á máa wá Gẹ̀ẹ́sì fún ìkíni kọ̀ọ̀kan, á sì tò wọ́n sáàárín owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó bébà. Nígbà tí gbohùngbohùn ní okùn, okùn náà ń ràn wá lọ́wọ́, torí bí o bá dìde, á fà ọ́ padà. Èyí tí kò lókùn kì í fa ẹnikẹ́ni. Ó ń báni lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tí à ń fi há ọrùn aṣọ, ìgbì 2.4 GHz ni wọ́n ń lò, èyí tí Wi-Fi àti Bluetooth náà ń dù. Ara ènìyàn máa ń gbé ìgbì yìí mì, nítorí náà bí mo bá kẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ lè já. Ti Bluetooth tí à ń kì bọ etí tún ní ìwà tirẹ̀: bí gbohùngbohùn rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, ohùn sábà máa ń tín-ín-rín bíi ti tẹlifóònù, ìró s àti f á sì jọra. Mo ti bú ẹ̀rọ nítorí gbogbo èyí. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá jìnnà sí gbohùngbohùn ní ìlọ́po méjì, agbára ohùn mi tó ń dé ibẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, òjò orí páànù kò sì dín ariwo tirẹ̀ kù nítorí mi.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí n ra èyí tó dára, kí n sì ní sùúrù, torí ẹ̀rọ ń kọ́ ohùn wa. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní 2023, dókítà Tóbi Ọlátúnjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé AfriSpeech-200 jáde: 200 wákàtí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àwọn ènìyàn tó lé ní 2,400 láti orílẹ̀-èdè 13 nílẹ̀ Áfíríkà, tí ìpohùn wọn tó 120. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn pọ̀ nínú rẹ̀, torí ilé-iṣẹ́ Ọlátúnjí, Intron, fẹ́ kí dókítà lè fẹnu sọ àkọsílẹ̀ aláìsàn. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n Whisper, ètò tó ń sọ ohùn di ìwé tí OpenAI gbé jáde ní 2022, tí Yorùbá wà lára èdè rẹ̀, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà sọ ní 2024 pé nínú nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohùn tí wọ́n fún un, ó fi odidi gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ kún un, pàápàá níbi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti dákẹ́ pẹ́. Èmi ẹni tó máa ń dákẹ́ láti rántí iye owó! Gbohùngbohùn olówó gọbọi kò sì lè wo ìyẹn sàn. Ká tún fi ti ẹ̀ka-èdè kún un: ìyá tó wá fi Ìgbómìnà rojọ́ ní ọ́fíìsì, akọ̀wé ọmọ ìlú á gbọ́ ọ délẹ̀, ẹ̀rọ tó jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n fi kọ́ ọ á máa méfò.

Ẹlòmíràn á ní: bí a bá tún ní láti ka gbogbo rẹ̀, kí la wá jèrè? Ìbéèrè yìí ló le jù. Àṣìṣe ìka máa ń hàn: lẹ́tà kan á sọnù, kọ̀ǹpútà á fa ilà pupa sábẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe etí kì í hàn, nítorí ọ̀rọ̀ tó péye ni ẹ̀rọ fi rọ́pò ọ̀rọ̀ tó péye. Kò sí ilà pupa lábẹ́ ọsàn, kò sí lábẹ́ ìbọn. Ẹni tó sọ ọ́ ni kò sì yẹ kó kà á, torí ohun tó ní lọ́kàn ló máa rí lójú ìwé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹlòmíràn ni kó kà á, kó sì gbowó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì tó ti dá akọ̀wé dúró torí ẹ̀rọ dé, kó tètè ránṣẹ́ pè é. Síbẹ̀ èrè wà. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn ń jèrè, ẹni tí ojú rẹ̀ kò fẹ́ bọ́tìnnì kéékèèké ń jèrè. Èmi náà ń jèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í fẹ́ sọ ìdí rẹ̀: ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀wé, ọ̀kan nínú wọn ló sì mọ iṣẹ́.