Mo Pàtẹ sí Kọ̀rọ̀

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tàn mí. Èmi tí mo ń ta tòmátì ní Mile 12, tí mo mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ tí a bá gbé síbi tí èrò kì í gbà, ẹ̀ṣà ní ń dà, èmi náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀rọ̀ dídùn gbé lọ sí kọ̀rọ̀.

Ó ní kí n yé kọ ìtàn ọjà sórí Facebook. "Àǹkù, oko olóko lẹ ń ro." Ó ní Linda Ikeji ńkọ́? 2006 ló bẹ̀rẹ̀ blog rẹ̀ lórí Blogger, tí Google ti rà ní 2003. Òkìkí ẹ̀ kàn káàkiri, síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá 2014, Google ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí wọ́n tó tún ṣí i. Ó ní ibi kékeré kan wà tí àwọn ọmọ wa dá sílẹ̀, kò sí ìpolówó níbẹ̀, orúkọ mi ni yóò wà lókè gàdàgbà. Mo bá kó wọlé.

Orúkọ mi wà gàdàgbà lóòótọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, ènìyàn mẹ́rin ló kà mí, èmi sì ni ọ̀kan. Mo kọ nípa alábàárù tó ru apẹ̀rẹ̀ méjì nínú ẹrẹ̀, tó tún ń jà lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi gbé e sórí Facebook láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń bú ara wọn lábẹ́ rẹ̀ lórí ẹni tó sọ tòmátì di ọ̀wọ́n.

"Ṣebí Nairaland ṣì wà?" ni ọmọ yìí wí. Ọgbọ́n àgbà! Seun Osewa pàtẹ gbàgede ìjíròrò Nairaland ní 2005, nígbà tí Facebook kò tíì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Ó tètè dé ọjà. Ìgbà tí èmi dé, oníbàárà ti ní oníbàárà.

Mo ro ẹjọ́ mi fún ìyá kan tó ń ra ọjà lọ́wọ́ mi lọ tà ní Ìkòsí. Mo ní kí ló dé táwọn oníbàárà yín kì í wá bá mi tààrà? Ó ń tẹ tòmátì mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló fẹ́ wọ ẹrẹ̀ yín nítorí ata 500 náírà? Ṣé ẹ máa tà á láwìn fún un? Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ ẹ̀ kì í jẹ rodo?"

Mo kọ ọ́ síbi kékeré náà lálẹ́. Ẹni márùn-ún ló kà á. Ó dà bíi pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kà á lẹ́ẹ̀mejì.