Omi Gbígbóná, Ọkà Ni Wọ́n Fi Ń Rò

Yàrá tí mo kọ́kọ́ háyà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní síǹkì kan, síǹkì náà sì ní ẹnu ẹ̀rọ méjì. Ti òsì ń bó èèyàn lọ́wọ́; ti ọ̀tún tutù ju ọyẹ́ lọ. Èmi ọmọ Fìdítì, tó jẹ́ omi kànga ni mo fi wẹ ọwọ́ dàgbà, mo di oníjó òru: mo na ọwọ́ sí òsì, mo pariwo, mo sá sí ọ̀tún, mo tún pariwo. Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ̀rọ méjèèjì yìí kì í tiẹ̀ kí ara wọn.

Mo fẹjọ́ sun ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìlọrà, tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe níbẹ̀.

“Àbúrò,” ni wọ́n wí, “omi tútù ń ti ojú títì wá tààrà, ó ṣeé mu. Láyé àtijọ́, inú táǹkì òkè àjà ni ti gbígbóná ti ń wá. Bí eku bá já sínú ẹ̀ ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jẹ́ kí méjèèjì pàdé.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ rélùwéè láti ọdún 1863, ìdérí táǹkì ló wá ṣòro fún?”

Wọ́n ní kí n dí ojú síǹkì, kí n da méjèèjì pọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi mọ́ mi lára.

Ìgbà tí mo wálé nínú ọyẹ́, màmá mi ti ro ọkà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ń dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́, ife omi àti ọṣẹ wá, ó kúnlẹ̀. Omi kan ìka mi, mo fa ọwọ́ yọ.

“Jọ̀ọ́, bá mi gbé omi díẹ̀ kaná. Kó ṣáà lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

Màmá wò mí. “Àkànní, ṣé ọwọ́ lo fẹ́ fi ro ọkà ni? Omi gbígbóná, ọkà ni wọ́n fi ń rò.”

Mo fẹ́ fi ìwé jà, àmọ́ ẹ̀yìn màmá ni ìwé gbè sí. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Rutgers l'Amẹ́ríkà fi kòkòrò àìfojúrí kun ọwọ́ àwọn èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nínú omi dígírì 15, 26 àti 38. Bákan náà ni àbájáde gbogbo rẹ̀ rí. Kí omi tó gbóná débi tí yóò pa kòkòrò, awọ èèyàn ti bó. Ọṣẹ àti fífi ọwọ́ ra ọwọ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá ló ń ṣí kòkòrò nípò. Omi kàn ń gbé e lọ ni. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ò ṣẹ̀, ó ń jẹ́ kí èèyàn lè pẹ́ nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ ọwọ́ wẹ̀ tí yóò bá àgbà jẹun, òwe ò bèèrè bí omi rẹ̀ ṣe gbóná tó.

Mo na ọwọ́ padà. Omi ń ṣàn, eyín mi ń gbá pọ̀. Mo fẹ́ máa nu ọwọ́, ọmọ yìí ò gbé ife kúrò.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò tíì fọ ẹ̀yìn ọwọ́.”

Síǹkì mi ní Peckham, ẹnu méjì ló ní. Kò sí èyí tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.