Oríkì Abala 6.1, Arọ́pò-owó-tó-dànù

Abala 6.1, mo dọ̀bálẹ̀, mo yíìká fún ọ. Arọ́pò-owó-tó-dànù, ọmọ Ilé Ìṣúra Amẹ́ríkà, a-wọlé-bí-oògùn-jáde-bí-òtẹ́ẹ̀lì. Ọdún 2021 ni wọ́n bí ọ, lẹ́yìn tí Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí òfin American Rescue Plan lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta, tí 350 bílíọ̀nù dọ́là sì jáde lápò ìjọba àpapọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀, àwọn ìlú, àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ àtàwọn káńtì tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, kí wọ́n fi wo egbò tí kòrónà dá sí wọn lára. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ pọ̀ nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń jábọ̀ owó náà. Ọ̀kan ń jẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀kan ń jẹ́ páìpù omi, ọ̀kan ń jẹ́ owó ilé fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbéèrè sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn: ta ló jẹ ẹ́, níbo, èèyàn mélòó? Ìwọ nìkan ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ṣókí dá sílẹ̀, «ìpèsè iṣẹ́ ìjọba». Owó oṣù ọlọ́pàá ni o, títì ni o, koríko ọgbà ìgbafẹ́ ni o, orúkọ kan náà lò ń jẹ́ fún gbogbo wọn.

Kò yẹ kí n yìn ọ́ láì kọ́kọ́ dárúkọ àwọn tó pín owó náà, nítorí wọ́n lo ọpọlọ. Fún àwọn ìlú ńlá, ìlànà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín owó ìdàgbàsókè àdúgbò ni wọ́n lò, èyí tó ń ka orí, tó ń ka òṣì, tó ń ka ilé tí èrò há sí àti ilé tó ti gbó. Ìdí nìyí tí Detroit fi gba nǹkan bí mílíọ̀nù 826 dọ́là, nígbà tí Charlotte tí èrò rẹ̀ ju ti Detroit lọ gba nǹkan bí mílíọ̀nù 142. Fún àwọn ìlú kéékèèké, orí ni wọ́n kà, wọ́n sì ní ìpín ìlú kankan kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ìṣúná rẹ̀. Ẹnì kan jókòó, ó ka òrùlé tó ń jò kó tó pín owó. Owó wá dé ẹnu odi ìlú, ó bá ọ níbẹ̀, ìwọ tí kì í béèrè òrùlé ẹnikẹ́ni.

Ọgbọ́n rẹ lórí òfò gan-an ló mú mi ṣí fìlà. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni òfò. Tìrẹ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. O mú owó tó wọlé fún ìlú ṣáájú àrùn, o ní ó yẹ kó máa gbèrú ní ìdá 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, ó kéré tán. Gbogbo ohun tí kò bá pé iye yẹn, òfò ni, òfò náà ló sì ń di owó tí ìlú lè kó sábẹ́ orúkọ rẹ. Ìlú tí owó rẹ̀ lé sí i ní ìdá mẹ́ta lọ́dọọdún pàdánù owó tí kò fojú kàn rí! Ìlànà oṣù Kìíní ọdún 2022 ló gbé iye yẹn kalẹ̀, síbẹ̀ ìṣirò yẹn gan-an tún sú wọn nínú rẹ̀: ìlú tó bá wù ú lè sọ pé òun pàdánù tó mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, wọn ò ní bi í ní ẹ̀rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlú ni ìpín wọn kò tó mílíọ̀nù mẹ́wàá, tí wọ́n lè da gbogbo rẹ̀ sí ọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apẹ̀rẹ̀ tí kì í kún, mo kí ọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tó dùn mọ́ mi jù wà ní Broward, káńtì tí Fort Lauderdale wà nínú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida. Wọ́n fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì alájà 29 tó ní yàrá 800 lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá wọn, ṣùgbọ́n owó kòrónà kọ́ la fi ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ tààrà. Ni wọ́n bá ké sí ọ. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn Associated Press ti sọ lọ́dún 2022, mílíọ̀nù 140 dọ́là kúrò nínú àpò ìrànwọ́, ó wọ àpò gbogbogbòò káńtì; mílíọ̀nù 140 mìíràn, iye kan náà géérégé, gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde nínú àpò gbogbogbòò lọ sórí òtẹ́ẹ̀lì. Nínú ìwé, ti àkọ́kọ́ san iṣẹ́ ìjọba, èkejì sì jẹ́ owó káńtì fúnra wọn. Ẹnikẹ́ni ò jalè. Ilé ìfọṣọ owó ni ì bá jẹ́ orúkọ rẹ, bí kì í bá ṣe pé ìjọba ló kọ́ ọ.

Àwọn olólùfẹ́ rẹ ní èsì, èsì wọn kì í sì í ṣe àwàdà. Wọ́n ní ìlú kékeré tó jẹ́ pé akọ̀wé kan ṣoṣo ló ń kọ ìwé omi, ìwé ilẹ̀ àti ìwé owó orí kò lè dáhùn ọgọ́rùn-ún ìbéèrè láti Washington. Òótọ́ ni. Wọ́n tún rántí ọdún 2009, nígbà tí owó ìmóríyá ìjọba tán kí ìlú tó gbádùn, tí iṣẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà. Àfi kí owó tètè jáde kó sì rọrùn láti ná. Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n Broward kò ṣàìní akáúǹtáǹtì. Àánú tó yẹ ká ṣe fún akọ̀wé abúlé ni ọba ìlú ńlá dì mọ́ra. Àwọn mìíràn ní owó kò lójú, pé bí o bá sanwó ọlọ́pàá látinú àpò yìí, o ti tú owó àpò kejì sílẹ̀, kí lẹ ń wá àmì lára rẹ̀ sí? Èyí ló mú ọgbọ́n dání jù, òun náà ló sì ń dá wọn lẹ́bi. Bí owó kò bá lójú, ohun tí àpò kejì fi owó tó tú sílẹ̀ ṣe ló yẹ kí fọ́ọ̀mù béèrè. Ìbéèrè kan ni, akọ̀wé abúlé náà lè dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni kò sí nínú oríkì rẹ.

Wọ́n fi ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ṣe gbèdéke: owó tí ìlú kò bá tíì fi àdéhùn so mọ́ nǹkan kan, ó di dandan kó padà. Àwọn tí àdéhùn páìpù wọn ò tíì délẹ̀ mọ ẹni tí wọn yóò sá bá. Wọ́n da owó oṣù panápaná sí ọ lọ́rùn, wọ́n kó owó ìlú tó yẹ kó san án sápá kan, owó tí kò ní gbèdéke, tí kò ní fọ́ọ̀mù, tí kò ní ẹlẹ́rìí. O gbà á, o ò wúkọ́. Abala 6.1, ẹni tí wọ́n fi àṣírí pa mọ́ sí lára lójú ọ̀sán gangan, ẹnu rẹ ò ní kún.