Ìjàpá Tí Kò Lè Páàsì

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti bìríìjì, eré káàdì tó sọ ọ́ di ẹlẹ́yà.

Ní ọjọ́ kan, àwọn ẹranko kó káàdì 52 jáde lágbàlá Kìnnìún. Ẹni mẹ́rin ló ń ta á, káàdì 13 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, méjì sí méjì: Ìjàpá àti Yánníbo dojú kọ Ehoro àti Ọ̀kẹ́rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó ju káàdì sílẹ̀, wọn a kọ́kọ́ máa pe iye àti irú káàdì tí yóò borí ìyókù. Ẹni tó pe 2 ṣèlérí pé ìhà tòun yóò kó ọwọ́ 8 nínú 13; káàdì mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ni ọwọ́ kan. Ẹni tó pe 4, ọwọ́ 10 ló fẹnu gbà. Bí kò bá kó o pé, ó jẹ gbèsè.

Ìjàpá ní sípéèdì 5, ó pe 1 sípéèdì. Ehoro pe 2 háàtì. Yánníbo, tó ní sípéèdì 3, fi 2 sípéèdì ti ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ pe 3 háàtì.

Ibẹ̀ ló yẹ kí Ìjàpá ti sinmi. 5 tirẹ̀, 3 ti aya rẹ̀, 8 náà ni. Ìpè 2 sì ni 8 mọ. Àmọ́ ó rí i tí Ehoro ń mi etí, ara rẹ̀ kò gbà á. "Kí Ehoro gba nǹkan mọ́ mi lọ́wọ́ lójú Kábíyèsí?" Ó pe 3, ó fi orin sí i:

Lílé: Wọ́n pe méjì, n ò gbà
Ègbè: Gbinrin gbin!
Lílé: Wọ́n pe mẹ́ta, n ò gbà
Ègbè: Gbinrin gbin!
Lílé: Ọmọ Ahun kì í gbà fẹ́nìkan
Ègbè: Gbinrin gbin, Ahun gbin!

Orin náà ta Ehoro lára. Ó fi ìbínú pe 4 háàtì, èyí tí agbára rẹ̀ kò ká. Yánníbo páàsì, kò pe nǹkan kan mọ́; Ọ̀kẹ́rẹ́ náà páàsì. Ìjàpá na ọrùn síta: "4 sípéèdì!"

Ehoro rẹ́rìn-ín. "Dọ́bù!" Ìyẹn ni pé bí Ìjàpá bá kùnà, gbèsè rẹ̀ yóò ga sí i.

Wọ́n ta á tán, ọwọ́ 7 péré ni Ìjàpá kó. Ó fi 3 dín, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ti jẹ géèmù kan tẹ́lẹ̀, èyí tó mú kí ìyà wọn ga sí i. Gbèsè di 800.

Ìjàpá ní, "Kò burú. Ṣebí mo gbà á lọ́wọ́ wọn?"

Ìgbín tó ń kọ máàkì da káàdì gbogbo sílẹ̀, ó kà á. "Sípéèdì 8 lọ́dọ̀ yín, háàtì 8 lọ́dọ̀ wọn, 16. Jean-René Vernes, ará Faransé, ti wí i pé iye yẹn ló sábà máa ń jẹ́ àpapọ̀ ọwọ́ tí ìhà méjèèjì lè kó. Ẹ kó 7, 9 ló kù fún wọn, wọ́n sì ti pe 10! Ká ní o dákẹ́ ni, wọn ì bá fún ọ ní 50. Wọ́n ti jìn sí kòtò, ìwọ lo ju okùn sí wọn."

Ìjàpá yíjú sí aya rẹ̀: "Ìwọ lo fà á!"

Yánníbo ní, "Baálé mi, 3 ni mo ní, 3 náà ni mo sọ. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ 5."

Láti ọjọ́ náà, bí Ìjàpá bá ti gbọ́ "dọ́bù", orí rẹ̀ ti wọ inú igbá.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ohun tó wà lọ́wọ́ wa àti lọ́wọ́ ẹnìkejì wa ni kí á máa kà, kì í ṣe etí alátakò. Ẹni tó ń du oyè, du ilẹ̀ tàbí du kọ́ńtíráàtì, tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kó páàsì, gbèsè ni yóò gbé relé.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró lẹ́ẹ̀mẹta. Pó! Pó! Pó!