Èmi, Màámi àti Omi Ọṣẹ

Bíréèkì ọkọ̀ mi kò já lójijì. Ó kìlọ̀ fún mi títí ó fi sú u. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lẹ́sẹ̀ mi, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ léraléra kó tó di ọkọ̀ mú. Ìyẹn ni mo ń pè ní ìrírí awakọ̀. Nígbà tó yá, iná pupa kan tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, àmì ìyanu nínú òbìrí. Mo ní iná yìí ń dí mi lójú lóru. Mo gé téèpù dúdú tí àwọn rẹ́wáyà fi ń wé wáyà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú. Iná náà kò yọ mí lẹ́nu mọ́.

Mẹkáníìkì mi kò ní téèpù tí mo lè lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi ìka nu inú táyà ẹ̀yìn lápá òsì, ó sì na ìka náà sí mi. Ó tutù, ó ń dán.

"Ọ̀gá, ọ́ìlì bíréèkì yín ló ń jò yìí. Rọ́bà inú ẹ̀ ti jẹ. Ẹ jẹ́ ká tú u."

Mo bi í pé èló ni. Ó dárúkọ owó, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Nítorí rọ́bà tí kò ju òrùka lọ? Mo fi ojú olè wo ọmọlúàbí, mo wa ọkọ̀ mi lọ sílé.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń bu ọ́ìlì sí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ó ń jò, mo ń bù ú. Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, mo gbọn agolo, ó dákẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rà á kò ṣí, bẹ́ẹ̀ mo ti ṣèlérí pé èmi ni màá gbé Màámi, ìyá ìyàwó mi, lọ síbi ìnáwó ní Mápó, n'Ìbàdàn. Ni mo bá rántí ohun tí awakọ̀ kan sọ fún mi ní gáréèjì: bí ọ́ìlì bíréèkì bá tán, kí èèyàn po omi ọṣẹ ìfọṣọ, kó dà á síbẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá òun fi wa dáńfó bẹ́ẹ̀. Mi ò béèrè ibi tí bàbá náà wà báyìí.

Mo po ọṣẹ. Mo tiẹ̀ rọra pò ó kó má baà hó jù. Mo dà á sí i, mo tẹ pẹ́dà wò, ó le koko. Mo ní mo ti rí àṣírí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń jẹun lára wa.

Ìnáwó náà dùn, mi ò ní purọ́. Gbọ̀ngàn Mápó wà lórí òkè láti 1929 tí wọ́n ti ṣí i, ẹni tó bá sì ti lọ síbẹ̀ rí mọ̀ pé gígùn òkè náà kì í ṣe wàhálà, ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń fẹ́. Sísọ̀ ló ń fẹ́ bíréèkì. Nígbà tí a máa padà, Màámi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, ike ẹ̀fọ́ rírò, àti àwọn abọ́ ike pupa tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ, tí àwòrán olóògbé wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a ṣe forí lé Bẹẹrẹ la kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Máíkírà níwájú, Máíkírà lẹ́yìn, ọ̀kadà láàárín. Ní gbogbo ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi kò kúrò lórí bíréèkì.

Mẹkáníìkì ló wá là mí lóye lẹ́yìn náà. Ọ́ìlì kì í sún kì bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí agbára ẹsẹ̀ fi ń gba inú páìpù dé ìdí táyà. Ṣùgbọ́n bí páàdì bá ń di irin mú láìsinmi, ooru ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọ́ìlì. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára gbọ́dọ̀ gbóná tó 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó lè hó. Bó bá ti pẹ́ nínú ọkọ̀ tó sì ti fa omi mu, ó lè hó ní 140. Omi ọṣẹ tèmi, 100 péré. Tó bá sì ti hó, oru ló kù nínú páìpù, oru kò sì lágbára kankan, ńṣe ló máa ń fún pọ̀. Oru ni mò ń fi bàtà tẹ̀.

Ó ku díẹ̀ ká dé Bẹẹrẹ ni pẹ́dà wọlẹ̀, ó sì sùn síbẹ̀.

Mo mọ ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe. Kó máa tẹ pẹ́dà wàràwàrà, bóyá yóò padà gbéra. Kó já jíà sílẹ̀ sí 2, lẹ́yìn náà sí L, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Kó máa rọra fa hándì bíréèkì, torí wáyà ni tirẹ̀, kò bá ọ́ìlì dá nǹkan pọ̀. Mo ti ṣàlàyé gbogbo èyí rí fún àwọn ènìyàn níbi ayò, mo sì ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ yẹn, hóònù ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tan wáípà. Mi ò lè sọ ohun tí mo fẹ́ kí wáípà ṣe. Nígbà tí wáípà kò dá ọkọ̀ dúró, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ ti mọ ohun tó kàn: ẹ́ńjìnnì ló ń báni yí sítíárì, òun náà ló ń báni tẹ bíréèkì. Mo ti lé àwọn olùrànlọ́wọ́ mi lọ. Sítíárì le pọ̀n-ín.

"Bàbá Ìbejì, ẹ rọra o," ni Màámi wí lẹ́yìn.

"Màámi, kò sí bíréèkì."

"Kí lo wí?"

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, 'ẹ' ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀ yẹn. "Fa hándì bíréèkì! Ìwọ ọmọ yìí, fà á!" Ọkọ Màámi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, wa bọ́lẹ̀kájà nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú ni Màámi sì máa ń jókòó. Kí n tó rí hándì bíréèkì náà, ó ti na ọwọ́ méjèèjì gba àárín àga wá, ó fà á tokuntokun. Táyà ẹ̀yìn ké. Eré ọkọ̀ dínkù. Lẹ́yìn náà wáyà já, ọwọ́ irin náà sì sọ̀rètí nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan tó ń kọ́lé ti da yanrìn sẹ́bàá ọ̀nà, ibẹ̀ la wọ̀, ó bo iná iwájú méjèèjì. Ẹ̀fọ́ rírò fò láti ẹ̀yìn, ó bà lé fìlà mi, ègé pónmọ́ kan sì rọra yọ̀ gba etí mi sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká agbádá.

Èrò pé lé wa. "Ẹ kú ewu o! Ẹ kú orí ire!" Bàbá àgbà kan ní, "Ẹ ò rí bó ṣe darí ẹ̀ síbi yanrìn? Awakọ̀ gidi nìyí." Màámi yíjú sí mi, ó ń wò mí. Mi ò jiyàn.

Ẹnì kan ní ká pe 122, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Mo ní rárá, kò tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé igun mẹ́ta pupa tí wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gbé kiri kò sí nínú búùtù mi, mi ò sì fẹ́ kí àjọ tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1988 wá bi mí ní ìbéèrè níwájú ìyá ìyàwó mi. Màámi kó àwọn abọ́ pupa rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ lójú títì. Bí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe ń yà fún olóògbé nìyẹn.

Mo san owó yanrìn fún onílé. Ó ku bí ọkọ̀ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹni tó ní ọkọ̀ awọ́kọ̀, oníkéréènì, dárúkọ owó tirẹ̀. Mo tún rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá ọmọkùnrin oní-Máíkírà kan, a dúnàádúrà, ó mú okùn jáde. Ó bi mí pé kí ló ṣe ọkọ̀. Mo ní kò kàn fẹ́ sáàtì ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ bíréèkì, owó á lé. Màámi ní òun ò wọ ọkọ̀ mi mọ́ láéláé, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ jókòó sínú Máíkírà.

Nígbà tí à ń gòkè, iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Okùn le, mo fọkàn balẹ̀, mo tiẹ̀ ń juwọ́ sí àwọn èèyàn. Àfi ìgbà tí ọ̀nà tún dagẹ̀rẹ̀, tí ọmọkùnrin yẹn tẹ bíréèkì tirẹ̀. Okùn mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọkọ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ wọ́ ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì, kó gbé e tàbí kó so irin gbọọrọ láàárín àwọn méjèèjì. Mo ń wo ìdí Máíkírà bó ṣe ń tóbi sí i. Mo tẹ hóònù. Mo kọlù ú. Nínú gíláàsì ẹ̀yìn, mo rí gèlè Màámi bó ṣe lọ síwájú tó tún padà.

Ọmọkùnrin yẹn bọ́ sílẹ̀, ó di orí mú. "Bàbá, ṣé ẹ ò ní bíréèkì ni?"

"Mi ò ní," ni mo wí.

Oníkéréènì padà wá, owó rẹ̀ sì ti gun òkè sí i. Ó gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, torí àwọn ni ẹ́ńjìnnì mi ń yí, kí jíà ọ̀tọmátíìkì má baà bàjẹ́. Mo jókòó ti awakọ̀ rẹ̀, mi ò gbin. Nígbà tí mẹkáníìkì mi ṣí ìdérí ilé ọ́ìlì, fóòmù funfun rú jáde. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì pe gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá kọ́ nǹkan tí wọn ò lè rí níbòmíràn. Gbogbo rọ́bà ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n fọ páìpù, wọ́n fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Búùtù Máíkírà wà nínú ìṣirò náà.

Ìnáwó mìíràn tún bọ̀ ní Mápó. Mo pe Màámi pé màá wá gbé wọn. Wọ́n dúpẹ́ púpọ̀, 'ẹ' ti padà sẹ́nu wọn. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ti bá ọmọkùnrin oní-Máíkírà yẹn sọ̀rọ̀, òun ni yóò máa gbé àwọn, ọkọ̀ tirẹ̀ dúró nígbà tó tẹ bíréèkì, ojú àwọn ló ṣe.