Màmá Tí Wọ́n Kọ Sínú Ìwé Ìsìnkú Kọ́ Ni Màmá Tiwa

Ẹni tó bá ka ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà wa á rò pé áńgẹ́lì la lọ sin. "Onísùúrù." "Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ jù." "Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé." Èmi gbà pé ńṣe ni ẹni tó tẹ ìwé náà ṣèèṣì gbé ìtàn òkú ẹlòmíràn sínú tiwa. Màmá tí mo mọ̀ á ti bá awakọ̀ jà, á ti bá òṣìṣẹ́ iná mànàmáná jà, á sì ti parí ìjà tọkọtaya kan ní òpópónà kejì, kó tó fọ ẹnu.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí ná. Ìwé ní ọdún 85. Ta ló kà á? Màmá ní èyí tó máa ń sọ fún dókítà, ó ní èyí tó máa ń sọ tí ẹlòmíràn bá ń wá ipò Ìyá Ẹgbẹ́, ó sì ní èyí tó máa ń sọ tí wọ́n bá ń pín ìrẹsì fún àwọn arúgbó. Ó ní òun wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin ní Àkè ní 1947, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jáde torí owó orí. Ó ní òun wà lára àwọn tó ń fi orin bú ọba. Tó bá wá dé ibi tí ọba náà, Aláké Adémọ́lá Kejì, ti fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, ẹ ó rò pé Màmá nìkan ló dì í lẹ́rù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n obìnrin kan náà ló sọ fún wa pé ní 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, tíṣà ní kí òun gbé ọwọ́ kọjá orí kí òun fi kan etí kejì, ọwọ́ ọ̀hún ò sì fẹ́ dé ibẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ ò dé etí ní 1955, ẹnu wo ló fi bú ọba ní 1947? Mo bi í lọ́jọ́ kan. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Inú ìyá mi ni mo ti ń gbè é." Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé alájọ tó ń yá èèyàn lówó ni lóòótọ́: ọjọ́ orí tó wà nínú ìwé yẹn, ó ti fi èlé kún un.

Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni Màmá ti ń ta adìrẹ, ẹ̀yìnkùlé wa ló sì ti ń ṣe é. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé láfún ni wọ́n ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, tí wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́ sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ náà bá wà, aró ò ní í mú un. Láfún kan náà sì ni oúnjẹ wa láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ìkòkò méjì á wà lórí iná, láfún á wà nínú méjèèjì. Tí a bá bi í pé èwo ni tiwa, á ní èyí tó bá ní ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í sábà sí ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kankan.

Ará Ìjẹ̀bú ni Bàbá, ọkọ Màmá. Kí Ẹ̀gbá fẹ́ Ìjẹ̀bú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n fi jọ gbé, wọn ò jà torí owó, wọn ò jà torí obìnrin. Gàrí àti láfún ni wọ́n ń jà sí. Màmá ní gàrí ń fọ́ ni lójú. Bàbá ní ojú tó fọ́ sàn ju imú tó ń gbóòórùn láfún tí wọ́n rẹ sínú omi láti ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí Bàbá kú, tí ọjọ́ ogójì kọjá, a bá Màmá lẹ́yìnkùlé tó ń mu gàrí olómi tútù pẹ̀lú ẹ̀pà, tó ń fi orí ṣíbí lé eṣinṣin. A ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" Ó ní òun ń ṣe ìrántí.

Kò gba ìwọ̀sí lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ àgbà ni pé lára gbogbo bátánì adìrẹ ẹlẹ́kọ, Ìbàdàndùn làwọn èèyàn mọ̀ jù, èyí tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngán Màpó ní Ìbàdàn sí. Á ní ṣé Abẹ́òkúta ò dùn ni, tàbí Olúmọ ò tó yà sáṣọ? Bẹ́ẹ̀ ó ń tà á o, owó rẹ̀ sì le ju ti ìyókù lọ. Ẹ má sọ fún un pé aṣọ ẹbí tí a rà fún ìsìnkú rẹ̀, adìrẹ tí wọ́n tẹ̀ wá láti Ṣáínà ni. Àwọn àǹtí wa ní owó ò tó. Mo ṣọ́ pósí náà dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ tilẹ̀ wo ti owó. Màmá ò gbà pé báńkì mọ nǹkan kan tí ìrọ̀rí ò mọ̀. Nígbà tí ìjọba Bùhárí pààrọ̀ àwọ̀ náírà ní 1984, owó ń jáde látinú ìrọ̀rí, látinú agolo mílíìkì, lábẹ́ ìkòkò aró. Díẹ̀ lára rẹ̀ ti mu aró. Akọ̀wé báńkì gbé e sókè, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, kò mọ̀ bóyá owó àtijọ́ ni tàbí tuntun. Nígbà tó tún wá di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí owó ò tún sí níta mọ́, Màmá bèèrè ẹni tó wà lórí oyè. A ní Bùhárí ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Olúwa, kí ni mo jẹ ọkùnrin yìí?"

Wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú náà pé "ó fẹ́ràn àdúgbò rẹ̀." Ó ń ṣọ́ àdúgbò ni! Àpótí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó kọjá tí kò mọ ibi tó ń lọ àti ìdí tí kò fi yẹ kó lọ síbẹ̀. Ọmọ tí kò bá kí i á gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀, apá tí kò dáa níbẹ̀ nìkan. Tí ọmọge kan bá bì láàárọ̀, Màmá ti mọ̀ kí ìyá ọmọ tó jí, ó sì ti ránṣẹ́ sí ìdílé ọkùnrin. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, ó di ti gbogbo ayé: á fi fílàṣì pe ọmọ rẹ̀ ní London, ẹ̀ẹ̀kan péré, tí ìyẹn ò bá tètè pe padà, á fi fílàṣì pe ìyá ìyàwó rẹ̀.

Bàbá kan ládùúgbò pàdánù iṣẹ́, wọ́n fẹ́ lé ọmọ rẹ̀ nílé ìwé torí owó. Màmá san án. Ṣùgbọ́n ó bú ọkùnrin náà kó tó san án, ó ń bú u bó ti ń kà á sílẹ̀, ó sì bú u fún odindi ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ pé kí ló dé tí kò tètè wí. Ọmọ náà ti di nọ́ọ̀sì báyìí. Ó sunkún níbi ìsìnkú ju àwa ọmọọmọ lọ. Bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn pátápátá, bóyá nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára.

Ìwé àjọ rẹ̀ ló wá kù. Ìwé Màmá ò kọjá pírámárì kejì, àmì tara rẹ̀ ló ń fi kọ ọ́: ìlà, òbírí, ohun kan tó jọ ẹsẹ̀ adìyẹ. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ akáǹtáǹtì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ní kí wọ́n wá oògùn orí fífọ́ fún òun. A ti gbà pé gbogbo owó tó yá àwọn èèyàn ti wọmi. Àfi bí àwọn onígbèsè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé fúnra wọn kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ọ̀kan nínú wọn ní òun lálàá rí Màmá lẹ́nu ọ̀nà òun, kò sì sọ nǹkan kan. Pé kò sọ nǹkan kan yẹn gan-an ló dá jìnnìjìnnì bò ó. Ó ka owó sórí tábìlì, ó ní kí a jọ̀ọ́ bá òun sọ fún Màmá pé òun ti san o. Àǹtí wa tó jọ Màmá jù nílé fa owó náà mọ́ra, ó pọ́n ìka lá, ó tún un kà, ó ní ó ku igba náírà.