Ìdí Ta Ni Ìlẹ̀kẹ̀ Wà?

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àgbà tó pa òwe yìí kò tíì dé òde ìnáwó ní Èpìnmì-Àkókó nígbà Kérésìmesì, tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Èkó, Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù rọ́ wálé. Ká ní ó débẹ̀ ni, ì bá gbé òwe rẹ̀ padà sílé lọ tún un ṣe.

Ẹ wo ọrùn àwọn ìyá tó jókòó lábẹ́ kánópì. Owó góòlù ribiti kan so rọ̀ lórí ṣéènì. Orí Ọbabìnrin Elizabeth wà ní ojú kan; ní ojú kejì, ọkùnrin kan gun ẹṣin, ó fa idà yọ sí ẹranko abàmì kan nílẹ̀. Ẹ bi ìyá náà pé ta ni ọkùnrin yẹn, yóò ní, "Áńgẹ́lì ni."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ni. Benedetto Pistrucci, ará Ítálì, ló ya á sára pọ́n-ùn góòlù, owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní 1817. Ojúlówó rẹ̀ wọn gíráàmù 7.98. Bí wọ́n bá pín in sí ọ̀nà méjìlá, mọ́kànlá jẹ́ góòlù pọ́ńbélé. Títí di 1914 ni wọ́n fi ń ná an lọ́jà ní ìlú wọn. Ogun àgbáyé kìíní ló lé e kúrò lọ́wọ́ ọlọ́jà. Láti ìgbà náà, ìfipamọ́ àti ọ̀ṣọ́ ló kù tí wọ́n ń fi í ṣe. Sáúdí náà rọ tirẹ̀ ní nǹkan bí 1951, ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ìyá oníṣọ́ọ̀ṣì tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé àti Alhaja tó ti Mẹ́kà dé lè pàdé ní Ìkàrẹ́, kí pọ́n-ùn góòlù ọrùn wọn dọ́gba lórí òṣùwọ̀n. Ìyẹn bó bá jẹ́ ojúlówó o.

N kò bá góòlù jà. Ìyá ayé àtijọ́ tó ta kòkó, tó fi èrè rẹ̀ ra góòlù sọ́rùn, mọ ohun tó ń ṣe. Ọrùn rẹ̀ ni báńkì rẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún, á wọ̀ ọ́, ojú á wò ó, inú rẹ̀ á dùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé ọmọ wálé nítorí owó ilé-ìwé, á bọ́ ọ, á di í mọ́ etí ìró, ó di ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù. Ní ilẹ̀ Tọ́kì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe títí dòní: ẹbí àti ọ̀rẹ́ á so owó góòlù mọ́ aṣọ ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tọkọtaya á sì tà á bí ilé bá fẹ́ gbóná. Ohun ọ̀ṣọ́ tó ṣeé bọ́ lọ́rùn nítorí ọmọ, ìlẹ̀kẹ̀ tó wà nídìí ọmọ ẹni gan-an nìyẹn.

Àwọn ìyá wọnnì kò tilẹ̀ nílò orí ọba kankan. Láti 1907 lọ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ owó oníhò fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: kọ́bọ̀, ẹ́pìnnì, ọ̀níní. Àwa tí a ti ń sín owó ẹyọ sókùn láti ọjọ́ pípẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní lílò rẹ̀. Ihò ló wà níbi tí orí ọba ì bá wà. Ní 1936, Edward Kẹjọ gorí ìtẹ́, kò sì pé ọdún kan tó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nítorí obìnrin, ṣùgbọ́n wọ́n ti rọ kọ́bọ̀ oníhò tó ní orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Orúkọ nìkan, kò sí orí. Ìyá tó bá sín in sókùn fún ọmọ rẹ̀ ń fi ọba aláìlórí ṣeré. Àwa ọ̀làjú la wá ń wá orí ọba kiri láti gbé kọ́rùn.

Ṣé a kò lówó tiwa ni? Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2007, Báńkì Àpapọ̀ kó ẹyọ owó tuntun jáde: àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà kan, náírà méjì. Ẹ mú náírà méjì náà lọ sọ́jà Ìkàrẹ́ kẹ́ ẹ fi ra ata, kẹ́ ẹ wá bá wa jíṣẹ́ èébú tí aláta fún yín. Ọdún 2007 kan náà ni wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ náírà lójú agbo ijó, tàbí tó ń ná an mọ́ olórin lórí, yóò ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní N50,000. Òfin gba náírà lọ́wọ́ oníjó. Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ aláta?

Góòlù ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Keje 2021, wọ́n yọ́ góòlù àkọ́kọ́ níbi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá níbẹ̀. Góòlù wa ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sókè òkun, àwa náà ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ ra góòlù ní Dùbáì. Bóyá wọ́n tilẹ̀ ń pàdé lójú ọ̀run, tí wọ́n ń kí ara wọn.

Ibi tí òwe wa ti dojú rú pátápátá rèé: ẹlòmíràn yá góòlù wọ̀ fún ọjọ́ kan péré, ó san owó ìyálò, ó tún fi owó ìdúró sílẹ̀. Ẹlòmíràn rà á láwìn. Ẹlòmíràn sì ra idẹ tí wọ́n fi omi góòlù kùn, ó ń pè é ní ogún ìyá òun. Owó ilé-ìwé ọmọ ló di góòlù, kàmẹ́rà sì ni góòlù náà wà fún. Àwọn tó ń wo fídíò lórí WhatsApp ti di ọmọ ẹlòmíràn tí a ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ nídìí. Ọmọ tiwa wà nílé, ó ń dúró de ìgbà tí wọn yóò pè é padà sí kíláàsì.

Mo lè fojú inú rí ọ̀kan nínú wọn lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù ní Ìkàrẹ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ti dójú ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ gbé owó ribiti náà lé òṣùwọ̀n. Idẹ tó tóbi tó pọ́n-ùn góòlù kì í wọn ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n dúró sí gíráàmù mẹ́rin géérégé.

"Mọ́mì, ọba tiyín yìí rù o."

"Ó rù báwo?"

"Idẹ ni, mà. N kò lè rà á."

Ìyá wo owó, ó wo alágbẹ̀dẹ, ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Ó dáa. Ṣáà bá mi fọ̀ ọ́ kó dán. A ní ìgbéyàwó ní Ọ̀kà lọ́jọ́ Sátidé."